IGI ILÁŃGÌ-ILÁŃGÌ ÀTI ÒRÓRÓ OLÓÒÓRÙN DÍDÙN RẸ̀

Púpọ̀ nínú àwọn tí ń fi lọ́fínńdà sí aṣọ ní ọjọ́ Ìsinmi ni kò mọ ibi tí òórùn dídùn náà ti wá. Wọ́n rí ìgò kékeré ní ọjà, wọ́n san owó rẹ̀, wọ́n sì mú un lọ sí ilé. Ṣùgbọ́n kí òórùn náà tó dé inú ìgò, àgbẹ̀ kan ti gbin igi, obìnrin kan ti jí ní àfẹ̀mọ́júmọ́ láti já òdòdó, ẹlòmíràn sì ti jókòó ti iná ní ọ̀sán àti ní òru. Ẹ̀kọ́ yìí dá lórí ọ̀kan nínú àwọn igi tí a ń rí irú òórùn bẹ́ẹ̀ lára wọn. Orúkọ rẹ̀ ni iláńgì-iláńgì. Àwọn òyìnbó a máa kọ ọ́ báyìí: ylang-ylang. Ó yẹ kí àgbẹ̀ tí ó mọ ìwé kà mọ ìtàn rẹ̀, nítorí pé ohun tí ó ti dé bá àwọn tí ń gbìn ín kò jìnnà sí ohun tí ó lè dé bá ẹnikẹ́ni tí ń gbin ohun tí a ń tà sí òkè òkun.

IRÚ IGI TÍ Í ṢE

Ilé igi yìí gan-an ni àwọn erékùsù tí ó wà láàrin Éṣíà àti Ọsirélíà, èyí tí í ṣe ilẹ̀ Filipíìnì, Indonéṣíà, àti àwọn tí ó yí wọn ká. Inú èdè Tàgálọ́gì, èyí tí àwọn ará Filipíìnì ń sọ, ni orúkọ rẹ̀ ti jáde. Àwọn tí ń kọ́ ẹ̀kọ́ nípa ewéko ń pè é ní Cananga odorata, wọ́n sì kà á mọ́ ìdílé kan náà pẹ̀lú abo àti ẹ̀ẹ̀rù. Nítorí náà, bí orúkọ rẹ̀ tilẹ̀ ṣàjèjì ní etí ọmọ Yorùbá, ìbátan rẹ̀ ń bẹ nínú igbó ilẹ̀ Yorùbá àti lórí àtẹ àwọn tí ń ta èlò àgbo. Ẹni tí ó bá ti gbọ́ òórùn ẹ̀ẹ̀rù láti inú ìkòkò àgbo ti mọ̀ pé ìdílé igi yìí kì í ṣe ìdílé tí kò ní òórùn.

Bí a bá fi igi náà sílẹ̀ nínú igbó, a máa ga tó 60 ẹsẹ̀ bàtà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ̀ka rẹ̀ a sì rọ̀ sílẹ̀. Ewé rẹ̀ gùn, ó ń dán, kì í sì í wọ́ dànù tán nígbàkúgbà nínú ọdún. Òdòdó rẹ̀ kò rí roboto bí èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbìn sí iwájú ilé fún ẹwà. Ewé òdòdó mẹ́fà tẹ́ẹ́rẹ́ ni ó ní. Wọ́n gùn bí ìka ọwọ́, wọ́n lọ́, wọ́n sì dorí kodò. Nígbà tí òdòdó náà bá ṣẹ̀ṣẹ̀ là, àwọ̀ rẹ̀ dàbí ti ewé, òórùn rẹ̀ kò sì tí ì pọ̀. Lẹ́yìn nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta, àwọ̀ rẹ̀ a yí padà di ti ìyeyè tí ó pọ́n, àmì pupa a sì hàn ní ìdí rẹ̀ nínú. Nígbà náà ni ó gbó, nígbà náà ni òórùn rẹ̀ sì kún.

Ní òru ni òórùn náà ń le jù. Ìdí rẹ̀ ni pé àwọn kòkòrò kéékèèké tí ń rìn ní òru ni igi náà ń fi òórùn pè. Àwọn kòkòrò wọ̀nyí ni wọ́n ń gbé ìyẹ̀fun òdòdó kan lọ sára òmíràn kí igi tó lè so èso. Kí ènìyàn tó rò láti fi òórùn náà ṣe ọ̀ṣọ́, igi ti ń lò ó fún ire ara rẹ̀. Èso rẹ̀ kéré, a máa dúdú nígbà tí ó bá pọ́n, àwọn ẹyẹ a sì máa jẹ ẹ́, wọn a sì gbé kóró rẹ̀ lọ sí ibi jíjìnnà.

BÍ WỌ́N TI Ń LÒ Ó NÍ ILẸ̀ RẸ̀

Kí òyìnbó tó bẹ̀rẹ̀ sí ra òróró rẹ̀, àwọn ará ilẹ̀ náà ti mọ iyì òdòdó yìí. Ní Filipíìnì, wọn a máa fi okùn sín in pọ̀ mọ́ òdòdó funfun kan tí wọ́n ń pè ní sampaguita, wọn a sì ta á bí ẹ̀gbà ọrùn lẹ́nu ọ̀nà ilé ìsìn. Ní Indonéṣíà, níbi tí wọ́n ti ń pè é ní kenanga, wọn a máa fọ́n ọn ká orí ibùsùn ọkọ àti aya ní alẹ́ ìgbéyàwó. Wọn a sì tún máa rẹ òdòdó náà sínú òróró àgbọn, kí wọ́n lè fi òróró náà pa irun àti ara.

Ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1801, irú òróró irun bẹ́ẹ̀ di àṣà láàrin àwọn ọkùnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n fi orúkọ Makassar, ìlú èbúté kan ní Indonéṣíà, pè é. Ṣùgbọ́n òróró tí ó wà lórí àwọn ọkùnrin náà ń ba ẹ̀yìn àga jẹ́ nígbà tí wọ́n bá fara tì í. Nítorí náà ni àwọn obìnrin ilé ṣe bẹ̀rẹ̀ sí fi aṣọ kékeré tí a hun bo ẹ̀yìn àga. Irú aṣọ bẹ́ẹ̀ ti dé yàrá àlejò ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ilẹ̀ Yorùbá pẹ̀lú, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn tí ń fọ̀ ọ́ tí wọ́n sì ń tẹ́ ẹ kò mọ̀ pé nítorí òróró irun ni a ṣe dá a sílẹ̀.

BÍ ÒRÓRÓ RẸ̀ TI DI ỌJÀ

Ní nǹkan bí 1860 sí 1870 ni a bẹ̀rẹ̀ sí yọ òróró iláńgì-iláńgì fún títà ní ìlú Manila, olú ìlú Filipíìnì. Àwọn ará Jámánì tí ń gbé níbẹ̀ wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ ṣe é. Nígbà tí òróró náà dé Yúróòpù, àwọn tí ń pò lọ́fínńdà gbà á tayọ̀tayọ̀. Kò pẹ́ tí àwọn Faransé fi gbin igi náà sí àwọn erékùsù tí ó wà lábẹ́ wọn nínú Òkun Íńdíà, ní ìhà ìlà-oòrùn Áfíríkà: Réunion, Nosy Be tí ó wà lẹ́bàá Madagásíkà, àti àwọn erékùsù Kòmórò. Díẹ̀díẹ̀ ni ọjà náà kúrò lọ́wọ́ Manila, tí ó sì bọ́ sí ọwọ́ àwọn erékùsù wọ̀nyí.

Ní 1921, Ernest Beaux pò lọ́fínńdà kan fún Gabrielle Chanel, obìnrin tí ń rán aṣọ ní Parísì. Orúkọ lọ́fínńdà náà ni Chanel No. 5, iláńgì-iláńgì sì wà nínú àwọn òdòdó tí ó gbé òórùn rẹ̀ ró, pẹ̀lú jasimini àti róòsì. Òkìkí lọ́fínńdà yìí kàn yí gbogbo ayé ká, a sì ń tà á títí di òní.

Àwọn erékùsù Kòmórò gba òmìnira kúrò lọ́wọ́ ilẹ̀ Faransé ní 1975, àfi Mayotte tí ó dúró tì wọ́n. Erékùsù mẹ́ta tí ó di orílẹ̀-èdè Kòmórò ni Ngazidja, Nzwani àti Mwali. Ohun mẹ́ta ni wọ́n ń gbìn jù láti tà sí òkè òkun: fànílà, kànáfùrù àti iláńgì-iláńgì. Ní Nzwani ni iṣẹ́ iláńgì-iláńgì gbé gbilẹ̀ jù. Láti Kòmórò àti Madagásíkà ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú òróró náà ti ń wá sí ọjà ayé.

ÌTỌ́JÚ IGI NÁÀ

Igi yìí fẹ́ ilẹ̀ gbígbóná, òjò púpọ̀, àti ilẹ̀ jíjìn tí omi kì í dúró sí. Kò fẹ́ orí òkè gíga tí ó tutù. Kóró rẹ̀ kì í tètè hù. Ẹni tí ó gbìn ín ní láti ní sùúrù. Gbòǹgbò àárín rẹ̀ a máa tètè wọ ilẹ̀ lọ jìnnà, nítorí náà a gbọ́dọ̀ lọ́ ọ lọ sí oko nígbà tí ó ṣì kéré, kí gbòǹgbò náà má baà já. Àlàfo bí 20 ẹsẹ̀ bàtà ni a ń fi sí àárín igi kan àti èkejì.

Ohun tí ó ya àwọn àlejò lẹ́nu jù nínú oko iláńgì-iláńgì ni ìrí àwọn igi náà. Wọn kò ga. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ju ènìyàn lọ púpọ̀, ẹ̀ka wọn sì tẹ̀, ó lọ́, ó sì nà gbalaja bí ìgbà tí a fi agbára tẹ̀ ẹ́ ba. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó rí. Nígbà tí igi náà bá pé ọdún méjì tàbí mẹ́ta, àgbẹ̀ a gé orí rẹ̀, a sì máa fa ẹ̀ka rẹ̀ wálẹ̀ tàbí kí ó so wọ́n mọ́lẹ̀. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, igi a sáré lọ sókè, òdòdó a sì wà níbi tí ọwọ́ kò lè dé. Òróró kan kò lè ti inú òdòdó tí a kò lè já wá. Láàárín ọdún kejì sí ìkẹta ni igi a máa kọ́kọ́ yọ òdòdó, ṣùgbọ́n ó di nǹkan bí ọdún kárùn-ún kí ó tó máa mú èrè wá dáradára. Láti ìgbà náà lọ, bí a bá tọ́jú rẹ̀, a máa tanná ní gbogbo ọdún fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé oṣù mìíràn pọ̀ ní òdòdó ju òmíràn lọ.

ÌKÓRÈ

Obìnrin ni púpọ̀ nínú àwọn tí ń já òdòdó náà. Kí oòrùn tó yọ ni wọn a ti dé oko, wọn a sì ti parí iṣẹ́ ní nǹkan bí agogo mẹ́sàn-án òwúrọ̀. Ìdí rẹ̀ yé ẹni tí ó bá rántí ohun tí a ti sọ ṣáájú: ní òru ni òórùn kún inú òdòdó. Bí oòrùn bá ti mú, òórùn a bẹ̀rẹ̀ sí fò lọ, òróró tí à bá rí a sì dínkù.

Ẹni tí ń já a gbọ́dọ̀ mọ èyí tí ó gbó yàtọ̀ sí èyí tí kò gbó. Èyí tí ó ti pọ́n bí ìyeyè nìkan ni kí ó já. Òdòdó tútù tí ó dàbí ewé a máa ba òróró jẹ́, bí ẹ̀wà kòkó tí kò gbó ti ń ba àpò kòkó jẹ́. Kò sì gbọdọ̀ tẹ òdòdó mọ́ inú agbọ̀n, nítorí pé ibi tí ọwọ́ bá ti tẹ̀ a dúdú, òórùn rẹ̀ a sì yí padà. Lẹ́yìn tí a bá já a, kò sí àyè fún ìdádúró. A lè kó àgbàdo sí orí àjà títí ìyàn fi dé. A lè fi kòkó tí a ti sá gbẹ pamọ́ sínú àpò títí oníbàárà fi dé. Ṣùgbọ́n òdòdó yìí gbọ́dọ̀ dé inú ìkòkò ní ọjọ́ náà gan-an. Bí ọ̀nà bá bàjẹ́, bí igi ìdáná bá tán, tàbí bí ẹni tí ó ni ìkòkò bá kọ̀ láti rà á, iṣẹ́ òwúrọ̀ ọjọ́ náà ti ṣòfò.

BÍ A TI Ń YỌ ÒRÓRÓ

Iye ènìyàn tí ó ti rí bí a ti ń se ògógóró kò kéré, ìbáà ṣe pé wọn kì í mu ún. Ọ̀nà tí a ń gbà yọ òróró yìí dàbí rẹ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ó yẹ fún ìyìn ni a ń fi ọ̀nà náà ṣe níhìn-ín. A ó kó òdòdó sínú ìkòkò ńlá tí a fi bàbà tàbí irin tí kì í dípẹtà ṣe, omi a sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀. A ó dé e pinpin, a ó sì dá iná sí i nísàlẹ̀. Nígbà tí omi bá hó, ooru rẹ̀ a gba àárín òdòdó kọjá, a sì gbé òróró inú wọn lọ́wọ́. Ooru àti òróró a jọ gba inú ọ̀pá kan tí ó gba inú omi tútù kọjá. Níbẹ̀ ni wọn a ti tún di omi, wọn a sì máa kán sínú ìgò. Nítorí pé òróró fúyẹ́ ju omi lọ, a máa léfòó, a ó sì bù ú kúrò lórí omi.

Òróró tí ń jáde kò rí bákan náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Èyí tí ó jáde ní wákàtí kan tàbí méjì àkọ́kọ́ ni ó dára jù. Òun ni a ń pè ní Àkànṣe, òun sì ni àwọn tí ń pò lọ́fínńdà olówó iyebíye ń wá. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Ẹ̀kíní, lẹ́yìn náà Èkejì, lẹ́yìn náà Ẹ̀kẹta. Ìsè kan lè gbà tó wákàtí 20 kí Ẹ̀kẹta tó tán. Ẹ̀kẹta yìí ni a máa ń fi sí ọṣẹ ìwẹ̀ àti irú ohun bẹ́ẹ̀, owó rẹ̀ sì kéré. Ọ̀nà tí a fi ń mọ ìyàtọ̀ ni ìwọ̀n. Ohun èlò kan wà tí a ń fi sínú òróró láti mọ bí ó ti wúwo tó. Bí òróró bá ti wúwo sí, bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe dára sí, bẹ́ẹ̀ sì ni owó rẹ̀ ṣe pọ̀ sí.

Nǹkan bí 50 kílò òdòdó ni a ń sè kí a tó rí kílò òróró kan, bí a bá da ohun gbogbo tí ó jáde pọ̀. Ìdá díẹ̀ nínú kílò kan yìí nìkan ni í ṣe Àkànṣe.

IGI ÌDÁNÁ ÀTI ODÒ

Ọ̀rọ̀ tí ó kàn báyìí ni ó wúwo jù. Ìkòkò kò lè hó láìsí iná, iná kò sì lè jó fún wákàtí 20 láìsí igi. Kí a tó rí kílò òróró iláńgì-iláńgì kan ní ààrò àtijọ́, igi tí a óò dá máa ń ju 200 kílò lọ. Nígbà tí ìkòkò bá wà ní abúlé púpọ̀, tí wọ́n sì ń hó ní ọdọọdún, kò ṣòro láti mọ ibi tí igbó yóò lọ.

Nzwani jẹ́ erékùsù kékeré, òkè rẹ̀ gíga, àwọn ènìyàn rẹ̀ sì pọ̀. Láyé àtijọ́, igbó bo orí òkè rẹ̀, ìkùukùu a sì máa bà lé igbó náà. Ewé tí ó jábọ́ ń mu omi òjò bí kànìnkànìn, gbòǹgbò ń di ilẹ̀ mú, omi a sì máa sun jáde díẹ̀díẹ̀ sínú odò ní ọ̀gbẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n a gé igbó láti gbin oúnjẹ, a gé e láti kọ́ ilé, a sì tún gé e láti fi sè iláńgì-iláńgì. Nísinsìnyí, nígbà tí òjò bá rọ̀, ńṣe ni omi ń ya wálẹ̀ pẹ̀lú erùpẹ̀ rere tí ó yẹ kí ó bọ́ irúgbìn. Nígbà tí òjò bá sì dá, odò a gbẹ. Púpọ̀ nínú àwọn odò Nzwani tí kì í gbẹ nígbà kan rí ni ó ti di odò tí ń ṣàn ní ìgbà òjò nìkan. Obìnrin tí ó já òdòdó ní òwúrọ̀ kí òórùn dídùn lè dé Parísì a sì ní láti rìn jìnnà ní ọ̀sán kí ó tó rí omi pọn.

Kì í ṣe òróró nìkan ni ó fa èyí, bẹ́ẹ̀ ni kì í sì í ṣe pé àtúnṣe kò sí. Ààrò bíríkì tí a mọ dáradára, tí ó ní ẹnu kékeré àti ihò èéfín, a máa pa ooru mọ́ sára ìkòkò, igi tí ó sì ń jẹ kéré gidigidi sí ti ààrò tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Irú ààrò bẹ́ẹ̀ ti ń tàn kálẹ̀ ní àwọn erékùsù náà. Àwọn mìíràn ti ń gbin igi tí ó tètè ń dàgbà fún ìdáná, kí wọ́n má baà fọwọ́ kan igbó orí òkè mọ́. Ẹni tí ó da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù.

OWÓ ÀTI ÈRÚ

Ọwọ́ púpọ̀ ni òróró yìí ń gbà kọjá. Ẹni tí ń já òdòdó ń gba owó lórí kílò òdòdó tí ó já. Ẹni tí ó ni igi ń ta òdòdó fún ẹni tí ó ni ìkòkò, àfi bí òun fúnra rẹ̀ bá ní ìkòkò. Ẹni tí ó ni ìkòkò ń ta òróró fún oníṣòwò tí ń kó o lọ sí òkè òkun. Oníṣòwò ń tà á fún àwọn tí ń pò lọ́fínńdà. Ẹni tí ó kẹ́yìn ni ó ń pinnu iye tí yóò san, ẹni tí ó ṣáájú ni ó sì ń gba èyí tí ó kéré jù. Nígbà tí owó bá gun òkè, gbogbo wọn a rí díẹ̀ jẹ. Nígbà tí ó bá já wálẹ̀, ọ̀dọ̀ ẹni tí ń já òdòdó ni ìjábọ́ náà ti ń kọ́kọ́ dunni. Àwọn ọ̀mọ̀wé pẹ̀lú ti mọ bí a ti ń fi oògùn ṣe òórùn tí ó jọ ti òdòdó yìí láìlo òdòdó, àwọn tí ń ṣe ọṣẹ a sì máa yà sí ọ̀dọ̀ wọn nígbà tí òróró bá wọ́n.

Ọ̀wọ́n máa ń dán èrò ènìyàn wò. Àwọn kan a bu òróró àgbọn tàbí òróró mìíràn tí kò níye lórí mọ́ ọn, kí ìgò lè kún. Ṣùgbọ́n irú èrú bẹ́ẹ̀ kì í pẹ́ farahàn. Òróró jíjẹ tí a kán sórí ìwé mímọ́ a máa fi àbàwọ́n ọ̀rá sílẹ̀ tí kì í kúrò, nígbà tí òróró òdòdó a máa fò lọ díẹ̀díẹ̀. Ní ìlú àwọn olùrà, wọ́n sì ní àwọn ẹ̀rọ tí ń tú òróró sí wẹ́wẹ́, tí ń fi hàn bí ẹ̀kán kan bá jẹ́ àjèjì nínú rẹ̀. Ẹni tí ó ṣe èrú lẹ́ẹ̀kan a jèrè lẹ́ẹ̀kan, ṣùgbọ́n gbogbo ìlú rẹ̀ ni yóò jẹ gbèsè orúkọ búburú. Àgbẹ̀ kòkó tí ó ti rí i bí òkúta inú àpò ẹnìkan ṣe ń mú kí a fi ojú ìfura wo àpò gbogbo ènìyàn mọ èyí.

NÍPA ÌLERA

Òróró iláńgì-iláńgì kì í ṣe ohun mímu. Òdòdó púpọ̀ ni a fún pọ̀ sínú ẹ̀kán kan, nítorí náà agbára rẹ̀ pọ̀. Kí a má ṣe fi í sí ojú, kí a má ṣe fi í sí ibi tí ọwọ́ ọmọdé lè tó, kí a má sì ṣe fi í pa ara láìkọ́kọ́ là á mọ́ òróró mìíràn, bí òróró àgbọn. Ara àwọn mìíràn a máa yún, a sì máa sú nítorí rẹ̀. Ẹni tí ó bá rí irú èyí gbọ́dọ̀ wẹ̀ ẹ́ kúrò, kí ó má sì lò ó mọ́. Bí a bá gbọ́ òórùn rẹ̀ jù nínú yàrá tí a tì pa, a máa fa ẹ̀fọ́rí àti èébì.

Àwọn kan ń sọ pé òórùn rẹ̀ ń mú ọkàn balẹ̀, pé ó sì ń mú ẹ̀jẹ̀ ríru rọlẹ̀. Kò burú kí òórùn dídùn mú inú ènìyàn dùn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru kò gbọdọ̀ tìtorí ìgò òróró kan fi oògùn tí dókítà fún un sílẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í dún, kì í sì í kanlẹ̀kùn. A máa pa ènìyàn ní ìdákẹ́jẹ́. Ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ ní ilé ìwòsàn ni a fi ń mọ̀ ọ́n, kì í ṣe imú.

Ẹ̀KỌ́ FÚN ÀGBẸ̀

Ohun mẹ́rin ni àgbẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá lè rí kọ́ lára igi àjèjì yìí, bí kò bá tilẹ̀ gbin ẹyọ kan láé.

Èkíní, kí ó tó gbin ohunkóhun fún títà, kí ó kọ́kọ́ mọ ẹni tí yóò rà á àti ọ̀nà tí yóò gbà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Oko òdòdó láìsí ìkòkò nítòsí kò yàtọ̀ sí oko tí a kò gbìn.

Èkejì, ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ní àwọn ìdílé Kòmórò tí ó ní ọ̀gẹ̀dẹ̀, ẹ̀gẹ́ àti àgbọn pẹ̀lú iláńgì-iláńgì, oúnjẹ kì í tán nílé nígbà tí owó òróró bá já wálẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí àgbẹ̀ má ṣe fi gbogbo ilẹ̀ rẹ̀ gbin kòkó láìfi àyè iṣu sílẹ̀.

Ẹ̀kẹta, kí ó ka igi ìdáná mọ́ ìnáwó. Ẹni tí ń se epo pupa, ẹni tí ń yan gàrí, àti ẹni tí ń yan ẹja, gbogbo wọn ń dá igi bí ẹni tí ń se iláńgì-iláńgì. Igi tí a gé láìfi òmíràn rọ́pò rẹ̀ jẹ́ gbèsè tí àwọn ọmọ yóò san nígbà tí odò bá gbẹ. Ó dára kí olúkúlùkù mọ ààrò tí kì í fi ooru ṣòfò, kí ó sì ya igun oko kan sọ́tọ̀ fún igi ìdáná.

Ẹ̀kẹrin, ìtọ́jú kékeré ni ó ń ya ọjà rere sọ́tọ̀ kúrò lára ọjà búburú. Òdòdó kan náà, láti ara igi kan náà, lè di Àkànṣe tàbí kí ó di ohun ìdànù, gẹ́gẹ́ bí wákàtí tí a já a àti ọwọ́ tí a fi gbé e. Kò sí ohun tí oníṣòwò òkè òkun lè ṣe láti tún un ṣe bí ẹni tí ó wà nínú oko bá ti bà á jẹ́.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÀWỌN TÍ Ń KỌ́ Ẹ̀KỌ́ YÌÍ NÍ ILÉ

1. Igi wo ní ilẹ̀ Yorùbá ni ó jẹ́ ìbátan iláńgì-iláńgì?
2. Èéṣe tí a fi ń gé orí igi náà, tí a sì ń fa ẹ̀ka rẹ̀ wálẹ̀?
3. Èéṣe tí a fi ń já òdòdó rẹ̀ kí oòrùn tó mú?
4. Báwo ni a ti ń mọ òróró tí ó dára jù?
5. Kí ni ó mú kí odò púpọ̀ gbẹ ní Nzwani, àtúnṣe wo ni ó sì wà?
6. Ta ni ó ń kọ́kọ́ jìyà nígbà tí owó òróró bá já wálẹ̀?
7. Igi mélòó ni a dá ní ilé yín ní oṣù tí ó kọjá, mélòó ni a sì gbìn?